Mo Parọ́ Mọ́ Wáyà Bọ̀dá Ràfíù

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì níbí, tí mo ń mi orí, tí mo ń sọ pé, "Kí ló ṣe èyí tó fi ṣe báyìí ná?" Lónìí, ó ti kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mi orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ohun tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlè. Ọ̀rọ̀ wáyà ni. Mo parọ́ mọ́ wáyà, ọkùnrin tó so wáyà náà sì jìyà irọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé Bọ̀dá Ràfíù ò mọ̀ pé àwọn jìyà kankan. Inú wọn ń dùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ sí ìlú Ara ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ jẹ́rìí àwọn. Mo ní mo gbọ́. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi dáadáa mọ́, àfi mọ́ínmọ́ín.

Ẹdẹ ni mo ń gbé. Ibí náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo ti lọ́kọ, mo bí ọmọ kan, Dámilọ́lá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Dámi. Ilé iṣẹ́ òròmọdìyẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńláńlá ló ń bá wa sàba lé ẹyin níbẹ̀ dípò adìyẹ, títí ọmọ á fi jáde. Alhaji ló ni ín. Àgbàlagbà ni Alhaji, wọ́n lawọ́, àdúà ò sì jìnnà sí ẹnu wọn.

Alhaji ra kọ̀ǹpútà kan sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n ṣe ètò tí yóò máa fi ooru inú àwọn ẹ̀rọ ẹyin hàn wá lójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ á sì tún máa tẹ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sínú rẹ̀: ta ló yí ẹyin, ta ló fi iná yẹ ẹyin wò. Mo ṣe é. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java ni mo fi kọ ọ́. Inú mi dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo sọ fún Alhaji lójú gbogbo èèyàn pé ètò tèmi yìí, kì í rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Mo wá fi nǹkan kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n fi kún un. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa kí èèyàn. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á dárúkọ rẹ̀, á gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, á kí i bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ àárọ̀, ẹ káàárọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹ kú òjò. Nígbà ọyẹ́, ẹ kú ọyẹ́. Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ẹni tó bá ti ìsinmi dé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wo bí ọ́fíìsì wa ṣe ń dùn! Àwọn èèyàn á dé, wọn ò ní tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí wọ́n á ti lọ gba ìkíni tiwọn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí àgbà, mi ò gbọ́dọ̀ dìde títí àgbà náà á fi dá mi lóhùn. Bàbá kan wà ní agboolé wa nígbà náà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń jẹun tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á sì rọra jẹ òkèlè ẹnu wọn tán kí wọ́n tó ní "káàárọ̀". Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ń wà ní gbogbo àkókò yẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo ń kọ ètò yìí, mo ṣe é kí ìkíni náà máa dúró. Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo kọ "Mo dáhùn" sí. Ìgbà tí ẹni tí a kí bá tẹ̀ ẹ́ ni ìkíni tó lè dìde. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ṣe dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú kọ̀ǹpútà dì. Ooru àwọn ẹ̀rọ ẹyin dúró lójú kan, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Gbogbo wa fò dìde. Ìyá Sítù, màmá tó ń yẹ ẹyin wò, ló kọ́kọ́ sáré wọ yàrá ẹ̀rọ. Wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n gbé e kan ìpéǹpéjú wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà wá. Wọ́n ní ara ẹyin dá, kí a fọkàn balẹ̀.

Alhaji dé. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo èmi. Gbogbo òṣìṣẹ́ náà wo èmi. Mo rántí ẹnu tí mo fi ní kì í rẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Wáyà ni, Alhaji."

Mi ò yẹ nǹkan kan wò, mi ò mọ̀. Ẹnu mi ló yá.

Bọ̀dá Ràfíù ni wọ́n so wáyà tó ń gbé ìwọ̀n ooru wá sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tínrín kan ni wọ́n, wọn ò lariwo, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta Sekona. Alhaji pè wọ́n. Mo rò pé wọ́n á bá mi jiyàn, wọn ò jiyàn rárá. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, Ìyá Dámi. Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀." Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n gun àjà, wọ́n tú wáyà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tún un so. Nígbà tí a tan kọ̀ǹpútà, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé.

Èmi náà gbà pé wáyà ni. Mo tiẹ̀ ń yan.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó tún dì. Alhaji tún pe Bọ̀dá Ràfíù. Wọ́n tún tú wáyà, wọ́n tún so ó, kọ̀ǹpútà tún yá. Ìgbà yìí ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kì í ṣe nǹkan tó le.

Java kì í ṣiṣẹ́ ní gbangba inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ńlá, bí ìgbà tí onílé bá yọ yàrá kan fún ayálégbé. Àyè tó wà nínú yàrá yẹn ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ó ní agbálẹ̀ kan níbẹ̀ tó ń kó ohun tí a ò lò mọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnìkan bá ṣì dì mú, agbálẹ̀ yìí ò ní fọwọ́ kàn án láé. Bí yàrá bá wá kún àkúnjù, agbálẹ̀ á ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró ná, òun fẹ́ gbálẹ̀. Bó bá gbálẹ̀ tí kò rí nǹkan kó, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú kọ̀ǹpútà máa ń dì. Bí ẹ bá sì wá pa kọ̀ǹpútà, bó ti wù kí yàrá náà kún tó, gbogbo ẹ̀ ló dànù. Ìdí nìyẹn tó fi ń yá lẹ́yìn iṣẹ́ Bọ̀dá Ràfíù. Kì í ṣe wáyà tí wọ́n ń so ló ń wò ó sàn. Pípa tí wọ́n ń pa á ni.

Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì yìí. Ìlà ló ń yà. Bí yàrá ṣe ń kún, ìlà ń gòkè. Bí agbálẹ̀ bá gbálẹ̀, ìlà á já wálẹ̀. Bí ara ètò bá le, ìlà náà á rí bí eyín ayùn, á gòkè, á sì máa já bọ̀ síbi kan náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kí n ti ṣí i. Ẹ̀yìn wáyà kejì ni mo tó ṣí i.

Ìlà tèmi ń já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń já sí ń ga sí i lójoojúmọ́. Mo ṣọ́ ọ títí. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu: ní ọjọ́ Ìsinmi, kì í ga rárá. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló ń wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò ó, mo rò ó, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ni mo bá gbé tíì mi, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú lé ìlà. Ìyá Sítù wọlé. Wọ́n tẹ nọ́ńbà wọn. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé, "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Sítù. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Ìyá Sítù tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí lánàá ti fúyẹ́. Ìwọ náà ńkọ́? Wàá dàgbà, wàá dògbó." Wọ́n yísẹ̀ padà, ó di ìdí ẹyin. Wọn ò tẹ nǹkan kan.

Bàbá ọlọ́dẹ wọlé. Kọ̀ǹpútà kí wọn. Wọ́n ní, "Hẹn, káàárọ̀, o kú iṣẹ́." Wọ́n jáde. Wọn ò tẹ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa ṣe wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi ẹnu dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló ń tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ti dá a lóhùn, wọ́n tiẹ̀ ti ṣàdúà fún un, kí ni wọ́n tún fẹ́ tẹ̀? Kọ̀ǹpútà ni ò ní etí. Mo ní kí irinṣẹ́ yẹn ka ohun tó wà nínú yàrá fún mi. Ìkíni tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń retí ìdáhùn, oníkálukú wọn sì di fọ́tò ẹni tí a kí àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Agbálẹ̀ ò lè fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀rín pa mí. Tíì dà sí mi lára. Mo sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé, nítorí àwọn èèyàn ti ń béèrè pé kí ló ṣe mí.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rántí Bọ̀dá Ràfíù. Ẹ̀rín náà tán.

Mo pinnu pé màá sọ fún Alhaji. Mo pinnu rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, kọ̀ǹpútà dì nígbà kẹta. Inú bí Alhaji. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ̀dá Ràfíù, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ràfíù máa lọ, àwọn á mú oníwáyà mìíràn wá láti Òṣogbo. Ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi, mo rí bí gbogbo wọn ṣe ń wò mí, mo gbé e mì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe dípò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ Alhaji pé kí wọ́n fún Bọ̀dá Ràfíù láàyè kan sí i. Mo ní, "Ẹ dárí jì wọ́n, Alhaji. Wáyà ló burú, kì í ṣe èèyàn." Gbogbo ọ́fíìsì ní áà, wọ́n ní ẹ wo ọmọlúàbí. Ìyá Sítù fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Omi ti dé ojú Bọ̀dá Ràfíù.

Odindi ọjọ́ méjì ni wọ́n lò nínú àjà lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, oòrùn sì mú bí iná. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ mu omi, okùn aláǹtakùn á bò wọ́n lórí, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á tún gòkè. Èmi náà wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo ń tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni mo kọ sínú ètò náà. Mo ní kí ìkíni máa dìde fúnra rẹ̀ bí ẹni tí a kí bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó parí. Mo lè ké sí wọn nínú àjà pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo bu omi tútù fún wọn ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà ò dì mọ́. Ìlà mẹ́mọ́rì wa dà bí eyín ayùn, ó ń gòkè, ó ń já bọ̀ síbi kan náà, ó lẹ́wà lójú mi ju òdòdó lọ. Ìyá Sítù ṣì ń ròyìn ẹsẹ̀ wọn fún un láràárọ̀.

Alhaji yọ̀ títí. Wọ́n fún Bọ̀dá Ràfíù ní àpótí òròmọdìyẹ kan. Wọ́n ní kí èmi àti Bọ̀dá Ràfíù kúnlẹ̀ pa pọ̀, wọ́n sì ṣàdúà fún wa pé, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àṣírí yín tú." Èmi ni mo ṣe àmín tó lágbára jù. Àwọn èèyàn yíjú wò mí.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ràfíù gbà lóòótọ́ pé àwọn ti rí àṣírí ńlá kan. Kò ju oṣù kan lẹ́yìn náà tí mo gba Sekona kọjá lórí ọ̀kadà, tí mo rí pátákó tuntun níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn: RÀFÍÙ ONÍWÁYÀ. A Ń WO KỌ̀ǸPÚTÀ TÓ Ń DÌ SÀN. Díẹ̀ ló kù kí n já bọ́.

Àwọn èèyàn sì ń pè wọ́n o. Ilé ìtẹ̀wé pè wọ́n. Ilé oògùn pè wọ́n. Wọ́n á pa kọ̀ǹpútà láàárọ̀, wọ́n á tú wáyà, wọ́n á so wáyà, bí wọ́n bá wá tàn án, á yá. Bó bá tún dì lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ ṣe pẹ̀lú ẹ̀rín. Olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé, wọ́n á bọ́ fìlà, wọ́n á ní èmi ni mo la àwọn lójú.

Nísinsìnyí, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ara ti ní kí wọ́n wá. Yàrá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ilé ìwé ni, Bọ̀dá Ràfíù sì fẹ́ já gbogbo wáyà yàrá náà palẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin kan tó mọ nǹkan, ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, àfi bí ẹnìkan tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá lè jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Dámi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ kàn ní láti bá mi sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn." Ohùn wọn ń yọ̀ lórí fóònù. Mo ń gbọ́ àwọn òròmọdìyẹ yẹn lẹ́yìn wọn, wọ́n ti di àgbébọ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Nígbà tó dìde, ó ní kí n lọ sọ òótọ́, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Mi ò rí ìrànlọ́wọ́ mìíràn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tọ̀nà. Bí mo bá lọ jẹ́rìí irọ́ ní Ara, àwọn ọmọdé ni wáyà máa já lé lórí, lọ́jọ́ tí àṣírí bá sì tú, Bọ̀dá Ràfíù ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín, kì í ṣe èmi. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó jìyà àṣìṣe mi tó bẹ́ẹ̀ tó tún rẹ́rìn-ín sí mi.

Nítorí náà, Ọjọ́rú, ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, màá lọ sí Sekona. Màá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dání, màá fi ìlà náà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá lè dárí jì mí, màá kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì, nítorí ẹni tó lè gun àjà lẹ́ẹ̀mẹta láìráhùn, kí ló le nínú kó jókòó wo ìlà? Pátákó yẹn ò ní láti wá sílẹ̀. Á kàn di òótọ́ ni. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń rò ó, ẹ̀rù sì tún ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá nìyí. A ní ìkíni fún ohun gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Èwo ni màá kọ́kọ́ fi kí wọn? Bí mo bá ní ẹ kú iṣẹ́, irọ́ mi ló kó wọn síṣẹ́. Bí mo bá ní ẹ kú oríire, oríire wo? Ẹ ronú sí i, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́rú. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ka èyí, ẹ̀yin náà, ẹ foríjì mí. Alhaji, ẹ má bínú, àdúà yín gbà fún ọdún kan gbáko.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú nínú ìkíni, abẹ́ pátákó yẹn gan-an ni màá kúnlẹ̀ sí, mi ò sì ní dìde títí Bọ̀dá Ràfíù á fi dá mi lóhùn. Wọn ò ní láti tẹ nǹkan kan. Ẹnu wọn ti tó.